Ẹ̀fọ́rí Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀fọ́rí Àbúrò

"Dìde níbẹ̀ jàre! Ṣé ìwọ lo bímọ ni, àbí àbúrò rẹ?"

Ìyá wọn kò pariwo nígbà tó sọ ọ́. Ó kàn rún un jáde láàárín eyín ni, kí àwọn abiyamọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì márùn-ún yòókù má bàa gbọ́. Àmọ́ wọ́n gbọ́. Agéṣọ mọ̀ pé wọ́n gbọ́, torí pé ẹni tó wà nítòsí fèrèsé yíjú sí ògiri lójijì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ ìrọ̀rí.

Orí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣe fún àwọn tó wá wo aláìsàn ni Agéṣọ nà gbalaja sí. Ó ti ká ìborùn rẹ̀ sábẹ́ orí. Àtẹ̀gùn méjì ló gùn kó tó dé yàrá yìí, nígbà tó sì fi máa débẹ̀, ó dà bíi pé ẹnì kan ti ki ọwọ́ bọ agbárí rẹ̀ látẹ̀yìn, tó sì ń fa ọpọlọ rẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń fa aṣọ tútù jáde nínú báàfù. Etí rẹ̀ ń hó. Ìgbà tó fẹ̀yìn lélẹ̀ ni nǹkan náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ ti di oṣù mẹ́jọ," ni ìyá rẹ̀ fi dá a lóhùn, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, Àbíkẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, na ọwọ́ pé kí wọ́n gbé ọmọ fún òun. Ọjọ́ kẹta nìyí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un tí wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, wàrà ọmú rẹ̀ sì ti ń kán sára aṣọ. Ó fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ sókè, ó jókòó. Kò tíì gba ọmọ tán tó fi ké.

"Yéè! Orí mi o!"

Ìyá wọn já ọmọ gbà, ó gbá a mọ́ àyà. "Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì! Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ọmọ mi!"

Àbíkẹ́yìn ti ṣubú padà sórí ìrọ̀rí, ó di ojú pinpin. Kò pẹ́ tó fi là á. "Ó ti lọ," ó ní, ẹnu ya òun náà.

"Kí ló ti lọ?"

"Ẹ̀fọ́rí náà. Àná ló bẹ̀rẹ̀, mi ò kàn fẹ́ já yín láyà ni. Tí mo bá ti jókòó, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹ̀yìn orí mi fẹ́ já bọ́. Tí mo bá sùn padà, kò sí mọ́."

Lórí bẹ́ǹṣì, Agéṣọ yí orí sí i. "Ṣé ó ń fà dé ọrùn?"

"Ó dé èjìká mi, Àǹtí."

"Etí rẹ ńkọ́?"

"Ó dà bíi pé mo wà lábẹ́ omi."

Láti oṣù mẹ́jọ ni Agéṣọ ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi ṣàlàyé nǹkan yìí fáwọn èèyàn. Àbúrò rẹ̀ kò tíì ní in ju ọjọ́ kan lọ, ọ̀rọ̀ náà gan-an ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló fi dúró ti tábìlì ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Agéṣọ, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e wálé. Òun ló máa ń tẹ́ aṣọ léra ní ogún ìlọ́po, tá á fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí i, tá á sì gé ogún kọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí èyí tó yẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé ìdì aṣọ kan nílẹ̀, irú èyí tó ti gbé láìmọye ìgbà, ó sì gbọ́ tí nǹkan ró pọ́ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀. Kò dùn ún lọ títí. Ó nara, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ fáwọn ọmọbìnrin tó wà nídìí máṣíìnì pé àgbà ti ń dé. Ọjọ́ kejì ni ẹ̀fọ́rí náà bẹ̀rẹ̀.

Tó bá ti dùbúlẹ̀, á lọ. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́. Ta ló fẹ́ gba ẹ̀fọ́rí tó ń sá fún ibùsùn gbọ́? Dókítà àkọ́kọ́ fún un lóògùn ibà. Èkejì ní ojú rẹ̀ ni, wọ́n sì ṣe awò fún un. Ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan tí kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀, bi í bóyá ó lọ́kọ. Ó ní ọkọ òun ti kú láti ọdún mẹ́fà. "Ẹ rí i báyìí," dókítà náà ní. "Ìrònú ni. Ẹ dín ìrònú kù." Agéṣọ sì mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, òun kò ronú kan nǹkan kan ju bí òun ṣe máa rí ilẹ̀ tí òun máa sùn sí.

Lẹ́nu iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá wọ abẹ́ tábìlì lọ sùn lórí àjákù aṣọ. Àwọn ọmọbìnrin yẹn bò ó láṣìírí fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí Màdáámú tó ni ilé iṣẹ́ fi ká aṣọ sókè lọ́jọ́ kan tó bá ẹsẹ̀ méjì níbẹ̀. Ó dárí jì í. Ohun tí kò lè dárí jì ni ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí orí ń fọ́ Agéṣọ débi pé ó tẹ́ pátáànì sódì láìmọ̀, ó sì gé ogójì apá òsì láìsí apá ọ̀tún kan ṣoṣo. Màdáámú mú méjì lára wọn, ó nà wọ́n sókè lójú gbogbo èèyàn.

"Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ní apá òsì méjì," ó ní, "ìwọ lo máa bá mi wá a jáde o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní kó máa lọ.

Bó ṣe padà sílé ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ìyá náà fi dáná fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbé inú ọgbà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn láti máa sọ tó èyí pé ojúmọmọ kò bá òun lórí bẹ́ẹ̀dì rí, àfi lọ́jọ́ tí òun bí àwọn ọmọ òun. Ní gbogbo òwúrọ̀, á wá ká kọ́tìnnì fèrèsé Agéṣọ, á gbé ìgbálẹ̀ ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á sì jáde láìsọ nǹkan kan. Ó tún sọ ọ́ lórúkọ tuntun: Ìyá Ibùsùn. "Ìyá Ibùsùn, ṣé o ti jí? Ìyá Ibùsùn, ilé ń kí ẹ."

Dókítà tí nọ́ọ̀sì pè wá kì í ṣe èyí tó ṣiṣẹ́ abẹ. Dókítà akunnilóorun ni, òun ló fún Àbíkẹ́yìn ní abẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, kó má bàa mọ ìrora. Obìnrin kúkúrú ni, ó ń rìn kíákíá, àmọ́ tó bá ti jókòó ti èèyàn, kì í kánjú. Ó ní kí Àbíkẹ́yìn jókòó, ó wo ojú rẹ̀, ó ní kó dùbúlẹ̀, ó tún wò ó. Ó wá fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọwọ́ wa ló ti wá," ó ní. "Ẹ má bínú. Omi kan wà tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, inú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà, omi yẹn ló sì gbé ọpọlọ ró. Ibi tí abẹ́rẹ́ mi gbà kọjá lára àpò náà kò tíì dí, omi ń jò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dìde, omi tó kù kò tó gbé ọpọlọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó sì ń fa àwọn ohun tó so mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, ara á tù yín."

"Yéè, ọmọ mi!" Ìyá wọn fi etí ìró nu ojú. "Ọpọlọ ń sọ̀ kalẹ̀! Ẹ wo bó ṣe ń fara dà á, kò sọ fún ẹnikẹ́ni!"

"Kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ mu omi dáadáa, kí ẹ sì mu kọfí," dókítà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Tí kò bá tíì lọ lọ́la, a máa fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá yín, a máa fi abẹ́rẹ́ tì í sí ẹ̀yìn yín nítòsí ihò náà. Ẹ̀jẹ̀ yẹn á dì, á sì dí i."

"Bí ẹní ń lẹ táyà," Agéṣọ ní látorí bẹ́ǹṣì.

Dókítà yíjú, ó rẹ́rìn-ín. "Bí ẹní ń lẹ táyà gan-an."

"Dókítà, ṣé ẹni tí wọn ò gún lábẹ́rẹ́ lè ní in?"

Ìyá wọn yíjú padà sí i. "O tún dé! Àìsàn àbúrò rẹ náà, o fẹ́ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́?"

Dókítà ti dìde lórí àga. "Ta ló ní in tí wọn ò gún lábẹ́rẹ́?"

"Èmi."

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́jọ."

Ó ní kí Agéṣọ dìde kó fara ti ògiri. Ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ètè Agéṣọ fi funfun, tó fi èékánná di ẹ̀gbẹ́ ògiri mú. "Ó tó. Ẹ dùbúlẹ̀." Dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìborùn sábẹ́ orí rẹ̀. "Ó lè ṣẹlẹ̀. Àpò yẹn lè ya fúnra rẹ̀. Nígbà míì, ẹrù téèyàn gbé ni, nígbà míì kò sí ìdí kan pàtó. Kò wọ́pọ̀ ni. Ṣé kò sí dókítà tó bi yín bó ṣe máa ń rí tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀?"

"Wọn ò bi mí, èmi ni mò ń sọ fún wọn. Wọ́n ní ara mi kàn ń fẹ́ ìsinmi ni."

Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ sí èjìká kejì. "Dókítà, ẹ má jẹ́ kó gbà yín lákòókò. Ẹni tó bímọ ló wà níbí."

Ẹ̀fọ́rí Àbíkẹ́yìn kò lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ dí ihò náà fún un. Wákàtí méjì ló fi dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Nígbà tó dìde jókòó, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n gbá a létí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Kò sí! Àǹtí, kò sí mọ́!" Ìyá wọn jó yí bẹ́ẹ̀dì náà ká, ó pe èèyàn méje lórí fóònù. Inú Agéṣọ dùn. Tọkàntọkàn ni inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ ilé ìwẹ̀ lọ bọ́jú, ó tìlẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tutù, ó fi ìborùn dí ẹnu, ó sunkún. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbà á gbọ́, tí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, tí wọ́n fi wò ó sàn.

"Ti àbúrò yín rọrùn," dókítà sọ fún un lẹ́yìn náà. "A mọ ibi tí ihò wà torí àwa la lu ú. Tiyín, àfi ká kọ́kọ́ wá a."

Wọ́n tì í bọ inú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń ya àwòrán inú ara, ó ń lù gbàgà-gbàgà létí rẹ̀. Nígbà tí àwòrán jáde, dókítà fi ìka hàn án: ibi tí ọpọlọ ti sọ̀ kalẹ̀ nìyí, ibi tí omi ti ń jò láàárín ẹ̀yìn nìyí. Agéṣọ wò ó títí. Àwọn èèyàn máa ń sunkún tí wọ́n bá gbọ́ irú nǹkan báyìí. Ní tirẹ̀, ṣe ló dà bíi pé kó di dókítà mọ́ra. Nǹkan ń ṣe òun lóòótọ́! Ó fi fóònù ya àwòrán náà, ó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wọ awò, ó gbé fóònù jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́jú. "Dúdú àti funfun lásán ni mò ń rí," ó ní. "Ta ló mọ̀ bóyá báyìí ni ti gbogbo wa ṣe rí?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ lẹ ẹ̀yìn tirẹ̀, ìyá ti kó lọ sílé Àbíkẹ́yìn láti máa wẹ ọmọ. Agéṣọ nìkan ló lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ orúkọ bi í pé ta ló tẹ̀ lé e wá. "Wọ́n ń bọ̀," ó ní. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, Àbíkẹ́yìn pè é lórí fóònù.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n wá bá yín, èmi lè dá wẹ ọmọ lónìí. Wọ́n kọ̀."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Àǹtí."

"Sọ ọ́. Mo ti dùbúlẹ̀, mi ò lè ṣubú."

"Wọ́n ní... wọ́n ní ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá dùbúlẹ̀."

Ó dùn ún ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un lẹ́yìn náà lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ara rẹ̀ fi yá. Ó rìn dé òpin òpópónà, ó padà, ó tún rìn ín. Ó jókòó jẹun bí èèyàn. Lọ́jọ́ kẹwàá ó sín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kó sì tó dé bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ tó ń fa ọpọlọ wálẹ̀ yẹn ti padà sí ẹ̀yìn agbárí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wálé mú aṣọ lọ́jọ́ yẹn, ó bá a níbi tó nà sí.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe ti àbúrò rẹ, ó lọ. Tìẹ kò lè lọ láéláé, torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó fẹ́ lọ."

Agéṣọ pe dókítà. Dókítà ní òun ti sọ ọ́ fún un pé tirẹ̀ lè gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àkọ́kọ́ yẹn, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ti ẹ̀jẹ̀ sí, wọ́n retí kó gòkè. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi wo ọ̀nà, wọ́n á sì gbé ẹ̀jẹ̀ náà ka orí ihò gan-an. Agéṣọ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kàn án. Ó lọ, òun nìkan náà ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló tẹ̀ lé e wá, ó ní kò sí.

Ìyẹn ló dúró. Oṣù kan kọjá, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù tàbí kó tẹ̀ ba, ó pé oṣù méjì. Ó sín, ó húkọ́, ó tilẹ̀ dán rẹ́rìn-ín kèékèé wò. Kò padà wá.

Ó lọ sílé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Inú Màdáámú dùn sí i, ó ní òun ti ń gbọ́ lẹ́nu èèyàn pé ara rẹ̀ ti yá, ó sì ní kó wá máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọmọbìnrin tí Agéṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sísọ́ọ̀sì mú. Agéṣọ dúpẹ́, ó jáde. Lójú pópó kejì, ó rí ìyá àgbàlagbà kan tó ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì àti aṣọ alásè. Ìyá náà ní kó gé kọ́là kan kí òun rí i. Ó gé e. "Ọ̀la ńkọ́, ṣé o lè bẹ̀rẹ̀?" ni ohun tí ìyá náà bi í. Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ gbà á, ó ní, kó má bàa máa ti ọ̀nà jíjìn wá. Agéṣọ ní òun máa rò ó.

Ìyá rẹ̀ ti padà sílé nígbà yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Agéṣọ ń lọ aṣọ nínú pálọ̀, ìyá sì wà níwájú ilé pẹ̀lú obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sí ilé kejì. Ohùn ìyá wọlé geere látojú fèrèsé.

"Ọmọ mi àgbà nìyẹn tẹ́ ẹ rí yẹn. Oṣù mọ́kànlá gbáko! Àwa la jọ jẹ ìyà ẹ̀. Àwọn dókítà ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é, mo ní irọ́ ni, ọmọ tí mo bí kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo gbé e káàkiri. Nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ sí i lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú."

"Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Ìyá ni ìyá ń jẹ́."

Agéṣọ pa áyọ́ọ̀nù. Ó dúró títí obìnrin náà fi dágbére, tí ìyá rẹ̀ fi wọlé tó ń kọrin lábẹ́ ìmí.

"Màmá, ọwọ́ wo lẹ dì mú?"

Orin náà dúró. "Kí lo ń sọ?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sí mi lẹ́yìn. Ṣé ọ̀tún ni àbí òsì?"

"Háà, àwa àgbà ń sọ̀rọ̀, ìwọ ń fetí kọ́ ọ." Ìyá rẹ̀ jókòó, ó tún dìde. "A ò mọ̀ ni. Ta ló lè mọ̀? Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ojú egbò."

"Mo sọ fún yín. Ojoojúmọ́ ni mo sọ fún yín."

"O sọ, o sọ! Ṣé gbogbo ohun tí ọmọ bá sọ ni ìyá ń gbà? Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí?"

"Rárá, Mà. Ẹ pe ìyá yẹn padà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ò sí níbẹ̀. Ìyẹn nìkan."

Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó gbójú sí ẹnu ọ̀nà. Ó wá fa ìró rẹ̀ ṣán. "Jẹ́ kí n lọ wo iná mi," ó ní, ó sì kọjá lọ sí ilé ìdáná. Kò pẹ́ tí ìkòkò fi ń lu ara wọn níbẹ̀.

Agéṣọ ká aṣọ tó lọ kẹ́yìn, ó kó o lé àwọn yòókù. Ó mú fóònù, ó pe ìyá tó ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì.

"Yàrá yẹn, Mà," ó ní. "Mo máa gbà á. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ kó wọlé, tí kò bá ni yín lára."

Wọ́n bi í pé èèyàn mélòó ló máa gbé ibẹ̀.

"Èmi nìkan ni, Mà."

Ìkòkò dákẹ́ nílé ìdáná. "Ta lo ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" ìyá rẹ̀ bi í látibẹ̀.

"Onílé mi ni," ó ní.